Abiyamọ, Ẹ Ṣọ́ Ìwé Ìlera Ọmọ Yín

Bí owó oúnjẹ bá dín kù, èwo nínú yín ni yóò kọ́kọ́ bu ti ọmọ kù? Síbẹ̀, ìjọba a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Ní ọdún 1997, Amẹ́ríkà dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ fún ọmọ àwọn òbí tí kì í ṣe tálákà paraku, ṣùgbọ́n tí agbára wọn kò ká a láti ra adójútòfò fúnra wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n jọ ń náwó sí i. Nígbà tí owó kò ká ìnáwó mọ́ ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n dá ìforúkọsílẹ̀ dúró ní oṣù kìíní ọdún 2010. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ bá já kò lè padà wọlé mọ́. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó tún ilẹ̀kùn ṣí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń tọ́mọ ní Amẹ́ríkà, ẹ máa tètè sọ ìwé ọmọ yín dọ̀tun. Ẹ sì kọ̀wé sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yín kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò ìṣúná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.