Orúkọ Yín Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ló Ni Ín?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí nígbà tí ìdílé kan bá fẹ́ gbé ilé ẹ̀kọ́ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn tàbí ṣọ́ọ̀bù wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà, a ó kó owó fún un, a ó ní, "Bá wa ṣe é." Ó ṣe é lóòótọ́. Nígbà tó bá wá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, tí fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, ni a óò mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹ̀yin olùkà wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé púpọ̀.

Ohun méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Orúkọ tí àwọn oníbàárà ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí wa ni wọ́n ń pè ní domain name. Hosting ni ààyè tí a háyà nínú kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ ni àwòrán àti ọ̀rọ̀ wa wà. Ọ̀kan dà bíi pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù, èkejì dà bíi ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Bí onílé bá ń yọ wá lẹ́nu, a lè kó ẹrù wa lọ síbòmíràn, kí a sì gbé pátákó wa dání. Ṣùgbọ́n bí pátákó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wàhálà dé.

A kì í ra orúkọ yìí ní àràpa. Ọdọọdún ni a ń san owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè san ti .com tó ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ńlá

Ní oṣù December 1999, Microsoft gbàgbé láti san dọ́là 35 lórí passport.com, orúkọ tí àwọn tó ń lo Hotmail ń gbà wọlé sídìí lẹ́tà wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí lẹ́tà kà ní àsìkò Kérésìmesì, títí ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Michael Chaney, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, fi san owó náà láti àpò ara rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí irú aláàánú bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa orúkọ .com rẹ́ nítorí àìsanwó, ọjọ́ 30 ni a ní láti rà á padà, owó rẹ̀ a sì ga. Lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí i, ẹnikẹ́ni lè mú un. Ẹni náà lè gbé tẹ́tẹ́ tàbí ìwà ìbàjẹ́ síbẹ̀, ó sì lè máa gba ímeèlì tí àwọn òbí àti oníbàárà ń kọ sí wa.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

1. Ẹ yan orúkọ kúkúrú. Ẹ pè é fún ẹnìkan lórí fóònù. Bí kò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣì í, ẹ wá òmíràn. Bí Nàìjíríà ni oníbàárà yín wà, .ng tàbí .com.ng dára, NiRA ló ń bójú tó o.

2. Orúkọ yín ni kó wà nínú ìwé, kì í ṣe ti ẹni tó bá yín ṣe é. Ẹ fi ímeèlì mìíràn sílẹ̀, tí kò sí lábẹ́ orúkọ kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí orúkọ bá kú, ìkìlọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

3. Kí ènìyàn méjì nínú ilé mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó sára kàlẹ́ńdà ara ògiri.

4. Ẹ ní ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nílé, nítorí kọ̀ǹpútà àwọn tó háyà ààyè fún yín lè bàjẹ́.

5. Bí ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀ bá kọ̀wé pé kí ẹ wá sanwó orúkọ yín kíákíá, ẹ má sanwó kankan. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ ti gba orúkọ ni kí ẹ ti lọ wádìí.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì. Ní alẹ́ òní, ẹ béèrè nínú ilé: ta ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ọjọ́ wo ni owó yóò sì parí?