Ọ̀nà Edé láti Ọ̀sà dé Láfẹ́nwá

Ẹni tó bá ń wá alákàṣà kò níí rí i lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Inú òkun ló ń gbé, láàárín àpáta. Èyí tó wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Morocco títí dé Angola, kò ní ọwọ́ tó ń géni bíi ti akàn. Ìwo gígùn méjì tó kún fún ẹ̀gún ló fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Lọ́sàn-án, á há mọ́ inú pàlàpálá àpáta. Tílẹ̀ bá ṣú, á jáde wá oúnjẹ. Ìdí nìyí tí etíkun olókùúta bíi ti Dakar fi bá àwọn amòòkùn lára mu: láti bèbè ni wọ́n ti ń wọ omi, wọ́n á máa wo inú ihò kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn ló tẹ́ lọ beerebe láti Badagry dé Lẹ́kí, alákàṣà kò sì rí ilé tó pọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ èémí ni mímòòkùn, ó sì léwu. Àwọn kan máa ń mí léraléra kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kó pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú ara, tó máa ń ta wá lólobó pé ó yẹ kí á tún mí, ni wọ́n ń lé jáde. Ara ò ní tètè pariwo mọ́, èèyàn á sì dákú lábẹ́ omi láìfura. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mòòkùn láìsí ẹnìkejì tó ń ṣọ́ ọ.

Ìbátan alákàṣà tó kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni edé odò ńlá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii. Akọ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18. Kò pọn dandan kí èèyàn mòòkùn tọ̀ ọ́ lọ. Ìgèrè ni àwọn apẹja ń dẹ sí i, wọ́n á fi ẹyìn tàbí ẹ̀gẹ́ tàn án wọlé.

Ìrìn àjò ẹran kékeré yìí yẹ fún ìyanu. Odò Ògùn ń ti ìhà Ṣakí bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó. Inú omi dídùn ni edé ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè yè níbẹ̀. Abo á gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, á máa bá odò sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí omi ti níyọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti dàgbà díẹ̀, kí wọ́n tó tún gun odò padà.

Bí ọ̀nà yẹn bá dí ńkọ́? Ní Senegal, wọ́n parí dáàmù Diama lọ́dún 1986, edé kò sì rí ọ̀nà gòkè mọ́. Edé yìí ló ń jẹ ìṣáwùrú tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Kò pẹ́ tí àrùn náà fi gbilẹ̀ ní ìlú Richard-Toll. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ kó edé padà sínú omi ní abúlé Lampsar. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé ìṣáwùrú tó ní kòkòrò dínkù, àrùn náà sì dínkù lára àwọn ará abúlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Dáàmù Ọyán, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1983 sórí odò tó ń ṣàn wọ inú Ògùn, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, àwọn olùwádìí sì ti ń kọ̀wé láti nǹkan bí ọdún 1990 nípa àtọ̀sí ajá láwọn abúlé tó yí i ká. Ó yẹ kí ìjọba dán ohun tí wọ́n ṣe ní Lampsar wò níbẹ̀.

Àwọn apẹja náà lè ṣe tiwọn. Ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú alákàṣà tó gbé ẹyin, inú omi sì ni amòòkùn gbọ́dọ̀ ti wọn èyí tó bá mú. Apẹja Odò Ògùn lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgèrè, torí edé ṣì wà láàyè nígbà tó bá yọ ọ́: èyí tó gbé ẹyin á padà sómi kó lè máa bá ìrìn rẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Ẹni tó bá da oògùn apakòkòrò Gamalin 20 sódò láti fi pẹja kò lè ṣa abo yọ. Àtẹyin, àtọmọ ló pa pọ̀.