Ìlérí Ẹnu, Ìwé Ìhágún àti Aáwọ̀ Ogún láàrin Àwọn Yorùbá

Láàrin àwọn Yorùbá, kò ṣàjèjì kí bàbá tí ó ti dàgbà nawọ́ sí ilé tàbí oko kan, kí ó sì wí fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ pé, 'Ìwọ ni o ni èyí lẹ́yìn mi.' Ọmọ náà yóò gba ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gbọ́; yóò pààrọ̀ páànù òrùlé, yóò gbẹ́ kànga, yóò kọ́ ìsọ̀ méjì sí ojúde. Nígbà tí bàbá bá papò dà tán ni àwọn ọmọ yòókù yóò béèrè ẹni tí ó fi ilé bàbá wọn jọ ọ́. Yorùbá gbà pé gbèsè ni ìlérí, ṣùgbọ́n ta ni ọmọ yóò sin nígbà tí ajigbèsè ti di ará ọ̀run?

Bí ènìyàn bá kú láì há ogún rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ lábẹ́ àṣà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín in. Nínú idí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ ni a ń kà sí ìdí kan. Nínú orí-ò-jorí, orí ọmọ ni a ń kà. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́rin, tí ọmọ jẹ́ mẹ́sàn-án, ọmọ tí ó dá nìkan wà ní ìdí ìyá rẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́nà ti idí-igi, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú mẹ́sàn-án ni tirẹ̀ lọ́nà ti orí-ò-jorí. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Suberu Dawodu fi sílẹ̀ ní Èkó nígbà tí ó kú ní 1940. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ adé Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé idí-igi ni àṣà tí ó gbòòrò, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ lórí bí pípín náà yóò ṣe rí. Ọdún méjìlélógún ni òkú náà ti wà nínú ilẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí!

Níbo wá ni ìlérí ẹnu dúró sí? Ẹ̀bùn ojú ayé yàtọ̀ sí ìlérí. Ẹni tí ó bá fún ọmọ ní ilẹ̀ ní ojú ayé a máa pe ẹlẹ́rìí, a fi ilẹ̀ náà lé e lọ́wọ́, ọmọ a sì dúpẹ́ ní ìṣojú ẹbí. 'Lẹ́yìn mi' kò ní ọ̀kankan nínú èyí. Owó tí ọmọ ná sí ilé ẹbí kò sì sọ ilé náà di tirẹ̀ nìkan, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, bí ẹbí tí ó ní àròjinlẹ̀ tilẹ̀ máa ń ro ti wàhálà rẹ̀ mọ́ ọn nígbà ìpín. Èyí tí ó tún burú ni pé bàbá mìíràn ń ṣe ìlérí ohun tí òun náà jogún pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe há ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Àṣà fàyè gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí àkéte àìsàn, bí ọkàn aláìsàn bá pé, tí ó dárúkọ ohun ìní àti ẹni tí ó fún, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì gbọ́. Ti ìwé ìhágún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní ojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́rìí tí a bá sì há nǹkan fún nínú rẹ̀ yóò pàdánù ohun náà. Òfin ìhágún ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1958 kò sì gbà kí a fi ìwé há ohun ìní tí àṣà ti sọ ibi tí yóò lọ.

Ìhín ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tẹ ọkàn arúgbó ti ń wọlé. Nínú ẹjọ́ Johnson àti Maja ní 1951, opó ni ó tako ìwé ìhágún ọkọ rẹ̀, ó ní àlè ọkọ òun ni ó darí rẹ̀. Ìlànà tí àwọn adájọ́ tẹ̀ lé níbẹ̀ ṣì wúlò: ẹni tí ó gbé ìwé jáde ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ, lẹ́yìn náà ni ẹrù yóò di ti ẹni tí ó ń takò ó. Ẹ̀bẹ̀ àti ìpọ́nni kò tó láti ba ìwé jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ìfẹ́ inú olóhun-ìní gan-an ni wọ́n borí, tí ìwé náà kì í fi í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn báyìí, ìbínú lásán ni. Ọmọ tí ó wà nílé, tí ó ń wẹ ìyá, tí ó ń bọ́ ọ, kì í ṣe olè nítorí pé ìyá rántí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò wálé fún ọdún mẹ́wàá, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ náà ni ó mú agbẹjọ́rò wá, tí kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fojú kan ìyá, tí a sì kọ ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìyá tí kò mọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni kò kà á fún un ní Yorùbá, ìfura tọ́ nígbà náà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ irú ìfura yìí lè ti èdìdì mọ́ ìwé rẹ̀, kí ó fi pamọ́ sí ẹ̀ka tí ó ń rí sí ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Nígbà tí ó bá kú, wọn yóò pe ẹbí jọ síbẹ̀, wọn yóò sì ṣí i ní ojú gbogbo wọn.