Fítámì C, Fítámì E àti Ẹ̀yin Tó Ń Sáré Ẹlẹ́mìí-Ẹṣin

Ẹni tó bá ń múra fún eré kìlómítà 42 ti Èkó kì í pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń sáré: "Ra fítámì C alágbára, fi E kún un, ara ò ní ro ẹ́." Kí ẹ tó náwó lé e, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe nínú ara.

Bí a bá ń sáré, iṣan ń lo ọ́síjìn púpọ̀, àwọn èròjà olóró kan sì máa ń tibẹ̀ jáde. Fítámì méjèèjì yìí wà lára ohun tó ń pa oró wọn. Àmọ́ oró díẹ̀ yẹn gan-an ló ń kìlọ̀ fún ara pé iṣẹ́ ti dé, kí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè mitochondria tuntun, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tíńtìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Oògùn tó pọ̀ lápọ̀jù lè pa á lẹ́nu mọ́ kó tó jíṣẹ́.

Ní Norway, wọ́n fi ọ̀dọ́ 54, lọ́kùnrin lóbìnrin, dán èyí wò fún ọ̀sẹ̀ 11. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Lójoojúmọ́, àwọn kan ń lo mílígíráàmù 1,000 fítámì C àti 235 fítámì E, àwọn yòókù ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Gbogbo wọn ló ń sáré. Nínú iṣan àwọn tó lo fítámì, àmì pé mitochondria ń pọ̀ sí i kò hàn tó ti àwọn yòókù. Ká sọ òótọ́, eré wọn ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n fítámì náà ò fi nǹkan kan kún un.

Mílígíráàmù 90 fítámì C lóòjọ́ tó fún ọkùnrin, 75 fún obìnrin. Ọsàn kan ṣoṣo tí wọ́n bó fún yín lójú títì lè ní tó 70. Gúáfà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lo ju 2,000 lọ lóòjọ́ lè máa yàgbẹ́ gbuuru, ẹ sì wo irú ẹ̀ ní kìlómítà 30!

Àǹfààní kan wà o: àwọn ìwádìí kan fi hàn pé fítámì C ń dín ọ̀fìnkìn kù láàárín àwọn asáré ọ̀nà jíjìn.

Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹni tó ti ní òkúta inú kíndìnrín rí, tàbí tó ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ gbé páálí fítámì náà lọ fún nọ́ọ̀sì wò.