Ìdènà Orí Fóònù àti Bárakú Àwòrán Oníhòòhò: Ǹjẹ́ Ó Ń Ṣiṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n kọ sínú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ níwájú tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà, mo tọrọ àforíjì ṣáájú kí n tó là á mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2004, mo ṣí ilé íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan níhìn-ín ní Kàdúná, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní kafé nígbà náà. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ máa ń sanwó láti lò ó di ìdájí. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò wá kọ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìdánwò ni wọ́n ń wò. Àwòrán oníhòòhò ni, àti irú fíìmù tí a mọ̀ sí bùlúù fíìmù. Mo bá ra ètò ìdènà kan, mo fi í sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbà náà wá bá mi nílé. Ó ti di baálé ilé, ó ti bí ọmọ méjì. Ó gbà mí láyè láti sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ẹ fi ìdènà sí kọ̀ǹpútà yín, kafé tó wà ní òdìkejì títì ni mo kọjá sí." Láti ìgbà náà ni nǹkan yìí ti ń tẹ̀ lé e kiri, láti kafé dé orí kọ̀ǹpútà alágbèéká, láti ibẹ̀ dé orí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ti ká a mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ìyàwó kó ẹrù, ó kó àwọn ọmọ, ó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìbéèrè tí àbúrò mi yìí bá wá ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìdènà wo ló dára jù tí mo lè fi sórí fóònù mi?"

Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè rẹ̀.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ BÁRAKÚ?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti wo àwòrán oníhòòhò rí ló ti di bárakú fún. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé tuntun tó to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní oṣù kìíní ọdún 2022. Nínú ìwé náà, wọ́n ka àìlèkóra-ẹni-níjàánu nípa ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ mọ́ àìsàn. Wọn kò tò ó sí ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú bárakú ọtí tàbí igbó, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àmì tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò ṣòro láti lóye:

Ẹni náà ti gbìyànjú léraléra láti dín in kù tàbí láti jáwọ́, kò ṣeé ṣe. Nǹkan náà ti gba iwájú débi pé ó ń pa iṣẹ́, ilé àti ìlera rẹ̀ tì. Ó ń bá a lọ bó tilẹ̀ ń rí jàǹbá rẹ̀, àní bí kò tilẹ̀ gbádùn rẹ̀ mọ́. Ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n tún fi kún un pé ìtìjú tàbí ẹ̀rí ọkàn tó ń dáni lẹ́bi nìkan kò tó láti pe ènìyàn ní aláìsàn. Ó yẹ kí àwa òbí fi èyí sọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wò ó lẹ́ẹ̀kan nílò ìtọ́ni. Kò nílò kí a máa pè é ní ọmọ tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

BÍ ÌDÈNÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Gbogbo ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní orúkọ, ó sì ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá tẹ orúkọ, fóònù yín á kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan tó dà bí ìwé àdírẹ́sì, kó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Oríṣi ìdènà kan dúró síbẹ̀ bí oníbodè. Bó bá rí i pé ìkànnì ìṣekúṣe ni, kò ní fún fóònù ní nọ́ńbà.

Ilé iṣẹ́ Cloudflare gbé irú rẹ̀ kan jáde fún ìdílé ní ọdún 2020, ọ̀fẹ́ ni. Lórí fóònù Android tí kò bá ti pẹ́ jù, ẹ lọ síbi tí a ti ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Private DNS sí, kí ẹ tẹ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀. Lórí iPhone, Screen Time ti wà láti ọdún 2018, ó ní àyè tí a ti lè dí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ó sì ní kóòdù tí a lè fi tì í. Fún fóònù ọmọdé, Family Link ti Google jẹ́ kí òbí máa fi fóònù tirẹ̀ darí tọmọ. Oríṣi mìíràn tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi àkọsílẹ̀ ohun tí ènìyàn wò ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ó fọkàn tán.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ DÉ

Àǹfààní kìíní ni pé ó ń gba ẹni tó ṣèèṣì, bí ọmọ tó ń wá iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tí àwòrán burúkú ṣàdédé yọ sí. Àǹfààní kejì ni pé ó ń dá ènìyàn dúró díẹ̀. Ìfẹ́ láti wo nǹkan yìí máa ń ru sókè bí ìgbì omi, bí a kò bá sì fún un lóúnjẹ, yóò rọlẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ìdènà bá fi dá ènìyàn dúró ni ojú rẹ̀ fi ń là.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí:

1. Ẹni tó fi í síbẹ̀ lè yọ ọ́. Private DNS tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ lè pa á. Àbúrò mi sọ fún mi pé òun ti fi oríṣi mẹ́rin sórí fóònù òun rí, òun náà ló sì yọ gbogbo wọn. Ọ̀kan kò sùn mọ́jú.

2. Oníbodè kan kò lè ṣọ́ gbogbo ọ̀nà. Kò rí ohun tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò rí fóònù kejì, VPN sì lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

3. Ó ń mú aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìwádìí kan tí Kaiser Family Foundation ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002 fi hàn pé nígbà tí wọ́n mú àwọn ètò ìdènà le dé góńgó, ìdá 91 nínú 100 ìkànnì ìṣekúṣe ni wọ́n dí, ṣùgbọ́n wọ́n tún dí ìdá 24 nínú 100 ìkànnì tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera.

4. Kò mọ ìdí tí ènìyàn fi ń lọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn, ìdánìkanwà ni. Ẹlòmíràn, gbèsè ni, tàbí àìrí oorun sùn, tàbí ìjà inú ilé. Bí ìdènà ti wù kó lágbára tó, kò lè parí ìjà.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Oxford gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n rí i pé ilé tó tó 17 sí 77 ló gbọ́dọ̀ fi ìdènà síbẹ̀ kí ọmọ kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ rírí àwòrán wọ̀nyí. Ìdènà nìkan, owó kékeré ni.

OHUN TÓ Ń MÚNI JÁWỌ́

Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì tọ́jú àwọn ọkùnrin tí nǹkan yìí ti borí wọn. Àwọn 28 ló wà nínú ìwádìí náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Ìjókòó méjìlá ni wọ́n fi kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ kí ìfẹ́ náà dé kó sì kọjá, láìbá a jà, láìsì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí ó sì yí ọwọ́ sí ohun tó ṣe pàtàkì sí i nígbèésí ayé. Wíwò dín kù ní ìdá 92 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba ìtọ́jú. Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì ń dúró de tiwọn, ìdá 21 péré ni. Ìwádìí kékeré ni, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló jáwọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà wà.

Ohun tí èmi àti àbúrò mi ṣe nìyí. A fi ìdènà sórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló yan kóòdù tí a fi tì í. A kò fi í sọ́wọ́ ìyàwó, kí obìnrin má bàa di ọlọ́pàá nínú ilé ara rẹ̀. Fóònù ń sùn ní pálọ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó kọ àwọn àkókò tí nǹkan náà máa ń mú un sílẹ̀. Ó rí i pé ọjọ́ tí ọjà kò bá tà ló pọ̀ jù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń pe ọ̀kan nínú wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sì lọ bá àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ tó wà ní Barnawa. Ẹ jẹ́ ká yé rò pé ẹni tó ń já sọ́jà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mélòó kan láti ìgbà náà. Ọjọ́ kejì ló máa ń sọ fún wa, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ padà wálé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ó sọ fún mi pé òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ṣì ń ṣọ́ ojú rẹ̀. N kò bá a wí.

ÌDÁHÙN

Ǹjẹ́ ìdènà ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti pinnu láti jáwọ́, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Fún ẹni tí kò bá ní ìyókù, ìdènà yóò kàn lé e lọ sí òdìkejì títì ni.

Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé mo mọ ọmọ náà ní ọdún 2004. Mo mọ bàbá rẹ̀. Mo dí kọ̀ǹpútà, n kò bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ìdènà sórí fóònù àwọn ọmọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá kó sí i, ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n kọ́kọ́ sá wá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì kan ẹnikẹ́ni nínú wa, ọmọdé tàbí àgbà, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ó wá ẹnì kan ṣoṣo tó fọkàn tán, kí ó sọ fún un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jọ fi ìdènà síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò bá wa tọ́ ilé wa.