Àlejò Tí A Kò Kà Kún Àlejò

Bí ènìyàn bá gba Sàngó wọ Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, tí ó sì wá orí ọ̀nà lọ sí ìhà Alápòtí ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà ni ilé ìtura ń pọ̀ sí i, ńlá àti kékeré. Kò sí etíkun níbẹ̀, kò sì sí òkè bí Olúmọ tí ará òkèèrè yóò wá pọ́n. Ta wá ni ń sun inú yàrá wọ̀nyí?

Orúkọ Alápòtí máa ń rán mi létí àpótí tí àwọn bàbá wa ń sún fún àlejò kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Bí a bá bi àwọn àlejò agbègbè yìí, ọ̀kan yóò ní ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni òun wá tún ṣe. Èkejì ń ti Kútọnu bọ̀, ó gba Ìdí-Ìrókò wọlé pẹ̀lú ọjà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹbí ìyàwó tí a ń gbé lọ́jọ́ Sátidé. Ìsìn ló sì ń kó ogunlọ́gọ̀ wá lóṣù kejìlá, nígbà tí àwọn olùjọ́sìn ń wọ́ lọ sí Canaanland fún ìpàdé Ṣílò, níbi tí ìjọ Living Faith ti ya ilé ìsìn alájòókòó 50,000 sí mímọ́ ní 1999.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ní Nàìjíríà, òyìnbó tí ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ni ọkàn wa ń lọ sí. Ìṣirò àjọ tí ń bójú tó o lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá kúrò ní sàkání ibi tí ó ń gbé, tí ó sun òru kan ó kéré tán níbòmíràn, tí kò sì pé ọdún kan níbẹ̀, wọ́n kà á kún un, ìbáà ṣe fàájì, òwò tàbí ìsìn ni ó bá wá, bí kò bá ṣá ti jẹ́ pé ẹni ibẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Nípa òṣùwọ̀n yìí, Ọ̀tà kì í ṣe ìlú ẹ̀rọ nìkan.

Ilé ìtura Federal Palace tí a ṣí ní Èkó ní 1960, àti Premier tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ sórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ní 1966, torí àwọn èèkàn ìlú ni a ṣe kọ́ wọn. Lónìí ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ yàrá ogún ló pọ̀ jù, ìyà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Iṣu tí a kò rí tà lónìí lè dé ọjà ọ̀la, ṣùgbọ́n yàrá tí kò gba ẹnikẹ́ni lálẹ́ òní, owó rẹ̀ ti bá òru lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbáà jẹ́ àlejò kan ṣoṣo ló sùn sílé, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ máa ké. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án: ní oṣù kẹrin 2024 ni owó iná fún àwọn oníbàárà tí a pín sí ìpele kìn-ín-ní fò láti nǹkan bíi 68 sí 225 náírà fún ìwọ̀n kan. Ṣáájú rẹ̀, láti oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba ti ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, kò sì ṣí i títí di oṣù kẹrin 2022. Oníṣòwò tí kò kọjá kò lè sùn.

Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe ìdájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ láti forúkọ ilé ìtura sílẹ̀ àti láti to ipò wọn, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ọ̀rọ̀ Ọ̀tà wà. Mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ tí ń ya àwòrán òkè àti omi sínú ìwé ìpolówó kọ́kọ́ ṣí ìwé ńlá tí ó máa ń wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà ilé ìtura, níbi tí àlejò ń kọ orúkọ, ìlú tí ó ti wá, àti ohun tí ó bá wá: iṣẹ́, ìsìn, ìgbéyàwó, iṣẹ́, òkú ìyá, iṣẹ́.