Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Iṣẹ́ olùkọ́ àgùnbánirọ̀ nílùú Jos

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá pín sí Jos, ẹ má fòyà.

📍 Kí ló fà á tí Jos fi máa ń tutù?
Orí òkè ni Jos wà, ó ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ. Tí ọyẹ́ bá dé láti aṣálẹ̀ Sàhárà, òtútù òwúrọ̀ a máa wọ eegun. Ẹ di súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìpara dání.

📍 Ta ló dá ètò àgùnbánirọ̀ (NYSC) sílẹ̀?
Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló dá NYSC sílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 1973, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ara wọn lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

📍 Kí ni iṣẹ́ yín?
Ilé-ìwé ni wọ́n ń pín ọ̀pọ̀ àgùnbánirọ̀ sí. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tún wà fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ lè fi kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ tún yàrá ìkàwé ṣe. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ sì kọ́ èdè Hausa díẹ̀.

📍 Ṣé ẹ ó dá wà?
Rárá o. Láti ayé ìwakùsà ní Jos làwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ti tẹ̀dó síbẹ̀.

Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bí ẹ ó ti kọ́ ọmọ ìyá yín. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbapò yín.